Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Mi: Àwọn Huguenot tí ọba ní wọn ò gbọdọ̀ sìn, wọn ò sì gbọdọ̀ lọ

Lóṣù tó kọjá, mo kọ ìpínrọ̀ kékeré kan nípa àwọn Huguenot sí ojú ìwé yìí. Mo ní àwọn ni Kìrìsìtẹ́nì Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Faransé, tí ọba wọn wó ilé ìjọsìn wọn lulẹ̀ ní 1685, tí ọ̀pọ̀ wọn sì sá kúrò ní ilẹ̀ bàbá wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Kò parí o. Lẹ́tà ń rọ́ wọlé, àwọn kan tiẹ̀ fi ìbínú kọ tiwọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn kí n tó fẹ̀yìn tì, ìtàn àwọn èèyàn yìí kò sì fìgbà kan kúrò lọ́kàn mi. Nítorí náà, gbogbo àyè tí mo ní lóṣù yìí, àwọn ni mo yà á sọ́tọ̀ fún.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Olùkọ́ wa sọ pé ìpakúpa ọdún 1572 ló lé àwọn Huguenot kúrò ní Faransé, ẹ̀yin sì kọ 1685. Èwo ni kí n kọ nínú ìdánwò? Kí sì ni ìtumọ̀ orúkọ wọn?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, olùkọ́ rẹ kò purọ́, èmi náà kò purọ́. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sá. Ẹ̀kọ́ John Calvin ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ọmọ Noyon ní Faransé tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ ní Geneva. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, 1572, Henri ọba Navarre, tó jẹ́ Huguenot, gbé Marguerite, àbúrò ọba Faransé, níyàwó ní Paris. Àwọn ọlọ́lá Huguenot ti kún ìlú nítorí ìnáwó náà. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n yìnbọn lu Gaspard de Coligny tó jẹ́ olórí wọn, àmọ́ kò kú. Ìdájí ọjọ́ 24, tí í ṣe ọjọ́ Bartholomew Mímọ́, wọ́n wọlé bá a lórí ibùsùn, wọ́n pa á, wọ́n sì ju òkú rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Germain-l'Auxerrois dún, ni wọ́n bá ń pa èèyàn lójú pópó. Ó ràn dé Orléans, Lyon, Rouen, Bordeaux àti Toulouse. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú, ọ̀pọ̀ sì sá lọ sí Ìlú Ọba àti Geneva nígbà náà.

Ọkọ ìyàwó yẹn ló wá jọba Faransé lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ó wọ ìjọ Àgùdà ní 1593 kí Paris tó gbà á, àmọ́ kò gbàgbé àwọn èèyàn rẹ̀. Ní 1598 ó ṣe òfin Nantes, tó gbà wọ́n láàyè láti sìn níbi tí a là sílẹ̀ fún wọn àti láti di ipò mú nínú ìjọba. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Louis Kẹrìnlá, ló fagi lé òfin náà ní Fontainebleau ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá, 1685. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìpakúpa, kọ 1572. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìṣílọ ńlá, kọ 1685. Èèyàn bí 150,000 sí 200,000 ló lọ ní sáà yẹn.

Ní ti orúkọ, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn. Èyí tó wọ̀ mí létí jù ni pé láti ara ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Switzerland fi ń pe àwọn tó jọ mulẹ̀ ló ti wá, *Eidgenossen*, tí ẹnu àwọn ará Geneva àti Faransé wá lọ́ di nǹkan mìíràn. Àwọn ọ̀tá ló kọ́kọ́ fi ń bú wọn. Àwọn fúnra wọn ń pe ara wọn ní ìjọ àtúnṣe, ìwé òfin ọba sì ń pè é ní "ẹ̀sìn tó ń pe ara rẹ̀ ní àtúnṣe".

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ wa, ọmọ ìjọ Àgùdà ni mí, mo sì ti dàgbà, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Kí ló dé tí wọn ò kàn lọ sí Mísà kí wọ́n sì fi ìgbàgbọ́ tiwọn pamọ́ sọ́kàn? Ọlọ́run ló ń wo ọkàn. Àbúrò mi ní ọ̀rọ̀ owó ni, pé oníṣòwò tó ń wá ọjà lọ sí Ìlú Ọba ni wọ́n.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá. Ohun tí ẹ ní kí wọ́n ṣe yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe. Iye Huguenot tó wà ní Faransé nígbà náà sún mọ́ 800,000, àwọn tó sá lọ kò sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Àwọn yòókù fọwọ́ síwèé pé àwọn ti di ọmọ ìjọ Àgùdà. Wọ́n lọ sí Mísà, ìjọba ń pè wọ́n ní "àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà", ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kọ Sáàmù wọn ní ohùn ìsàlẹ̀ lálẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn. Èmi kì í pè wọ́n ní ojo. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe mú wọn fọwọ́ síwèé ná.

Owó ni ìjọba kọ́kọ́ gbìyànjú. Láti 1676, Paul Pellisson, tí òun alára ti jẹ́ Huguenot rí, ló ń bójú tó àpò kan tí wọ́n fi ń fún ẹni tó bá yí padà lówó. Bíi livre mẹ́fà, owó ilẹ̀ Faransé ìgbà náà, ni wọ́n sábà máa ń fún tálákà. Nígbà tí owó ò ṣe é, wọ́n yọ sójà sí i. Ní 1681, Marillac, tó jẹ́ aṣojú ọba ní Poitou, kó àwọn sójà ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń pè ní *dragon* wọ ilé àwọn Huguenot. Inú yàrá, ìdí ààrò, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, ibẹ̀ ni wọ́n kó wọn sí. Onílé ló ń bọ́ wọn, òun náà ló ń bọ́ ẹṣin wọn. Wọ́n ń ta àga onílé, wọ́n ń ta aṣọ rẹ̀, wọ́n ń lu ìlù yí ibùsùn rẹ̀ ká títí ilẹ̀ fi ń mọ́ kó má bàa sùn. Ọjọ́ tó bá fọwọ́ síwèé ni wọ́n á kẹ́rù wọn, ó di ilé kejì. Nígbà tó fi máa di 1685, tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Béarn àti káàkiri gúúsù, ìlú mìíràn wà tó jẹ́ pé wọ́n ti fọwọ́ síwèé tán kí ẹṣin tó dé ẹnubodè.

Ìwé orúkọ àwọn tó fọwọ́ síwèé ń dé ààfin ọba ní Versailles, inú ọba ń dùn. Ó wá kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ òfin rẹ̀ pé níwọ̀n bí èyí tó dára jù àti èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti padà sí ìjọ Àgùdà, òfin Nantes kò wúlò mọ́. Mo ti ka gbólóhùn yẹn láìmọye ìgbà, ọkàn mi kò tíì rọ̀ sí i.

Abala méjìlá ni òfin náà ní. Kí wọ́n wó ilé ìjọsìn wọn gbogbo. Kí pásítọ̀ tí kò bá yí padà jáde ní ìlú láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ọmọ tí wọ́n bá bí, fádà ni kó ṣèrìbọmi fún un, òbí tó bá kọ̀ á san 500 livre. Abala kẹwàá ni kí ẹ kà sí àbúrò yín létí: ọmọ ìjọ tí kì í ṣe pásítọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nílùú, kò sì gbọdọ̀ kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ọkùnrin tí ọwọ́ bá tẹ̀ lójú ọ̀nà á lọ máa wa àjẹ̀ nínú ọkọ̀ ogun ọba, obìnrin á lọ sẹ́wọ̀n, gbogbo ohun ìní rẹ̀ á sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni abala kejìlá wá ní wọ́n lè máa gbé nínú ilé wọn láìsí ìyọlẹ́nu, bí wọn ò bá ti pàdé láti sìn. Àwọn *dragon* ṣì ń jẹun nínú ilé wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń ka abala yẹn síta.

Kò sí ẹni tó ń wá ọjà tí í fi ilé, ilẹ̀ àti ọgbà àjàrà sílẹ̀ kó lọ dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ apẹja. Ẹ wo Jaques Fontaine, ọmọ pásítọ̀ kan ní ẹkùn Saintonge, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tójú rẹ̀ rí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà ogbó. Ìparí ọdún 1685 ni òun, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àti àwọn mìíràn lọ sá pamọ́ sí etíkun nítòsí La Tremblade, wọ́n ń retí ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì kan. Apẹja tó fẹ́ gbé wọn lọ bá ọkọ̀ náà ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, ó da ògbólógbòó ìgbòkun bò wọ́n. Ọkọ̀ ogun ọba ń yẹ ọkọ̀ wò lójú omi. Apẹja náà àti ọmọ rẹ̀ bá ṣe bí ẹni tó ti mutí yó, títí wọ́n fi kọjá. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò lórí òkun kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Appledore ní Devon. Lóòótọ́, nígbà tó débẹ̀ tó rí i pé búrẹ́dì pọ́ọ́kú, kíá ló ti ń wá bó ṣe máa fi ọkà ránṣẹ́ sí Faransé. Àmọ́ ohun tí èèyàn ṣe kí ebi má pa á níbi tó sá dé, ẹ má fi sọ ìdí tó fi sá nílé.

Gbogbo wọn kọ́ ló rí apẹja gidi. Jean Marteilhe, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Bergerac, ń wá ọ̀nà dé Họ́láńdì nígbà tí wọ́n mú un. Wọ́n dá a lẹ́jọ́ ní 1701, ìdí àjẹ̀ ló wà títí di 1713. Huguenot tó lé ní 1,500 ni wọ́n so mọ́ àjẹ̀ báyẹn nítorí ìgbàgbọ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ, ọkùnrin ni. Àwọn ìyá nkọ́? Àwọn ọmọ nkọ́?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o fọwọ́ kan ibi tó ń dun èmi náà. Láti 1681 ni òfin ti gbà kí ọmọ ọdún méje lè kúrò nínú ẹ̀sìn òbí rẹ̀. Ọmọ ọdún méje! Pásítọ̀ tí wọ́n lé ní 1685 kò sì lè mú ọmọ tó bá ti ju ọdún méje lọ dání. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní 1686, àṣẹ mìíràn jáde pé kí wọ́n gba àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́ òbí wọn, kí wọ́n kó wọn fún ẹbí tó jẹ́ Àgùdà tàbí fún ilé àwọn sístà. Ìyá tó wọ ọkọ̀ lóru pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ọmọ yẹn ló ń gbé sá.

Ní 2009, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Aigues-Mortes, ní gúúsù Faransé, torí ilé ìṣọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Tour de Constance. Ògiri rẹ̀ nípọn tó mítà mẹ́fà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn obìnrin Huguenot sí. Ìmọ́lẹ̀ inú yàrá òkè kò tó nǹkan, afẹ́fẹ́ òkun ń wọlé láti àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́. Láàárín ilẹ̀ yàrá náà, ihò róbótó kan wà tí wọ́n fi òkúta yí ká, lára òkúta yẹn ni wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan sí tó túmọ̀ sí pé kí èèyàn má gbà. Wọ́n sábà máa ń sọ pé Marie Durand ló gbẹ́ ẹ. Mo kúnlẹ̀ kí n lè rí i dáadáa. Lẹ́tà rẹ̀ kò dọ́gba, o máa mọ̀ pé ẹni tó gbẹ́ ẹ kì í ṣe oníṣẹ́ òkúta.

Ará Bouschet-de-Pranles ní ẹkùn Vivarais ni Marie. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Pierre, jẹ́ pásítọ̀ tó ń wàásù nínú igbó àti lórí òkè, torí kò síbòmíràn mọ́. Nígbà tí wọn ò rí Pierre mú, wọ́n mú bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní 1730, wọ́n mú Marie, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ọwọ́ padà tẹ Pierre, wọ́n so ó kọ́ ní Montpellier ní 1732. Marie ṣì wà lẹ́wọ̀n. Tó bá ti sọ pé òun kọ ìgbàgbọ́ òun sílẹ̀, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un. Ọdún méjìdínlógójì ló fi wà níbẹ̀ tí kò sọ ọ́. Ó ń kọ lẹ́tà sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń kọ̀wé bẹ àwọn ìjọ tó wà lókèèrè fún ìrànwọ́, ó ń bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí kò mọ̀wé kọ tiwọn. Ní 1768, ọlọ́lá tó ń ṣàkóso ẹkùn Languedoc fún ọba, Beauvau, wá rí wọn, ojú rẹ̀ kò gbà á, ó sì dá wọn sílẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ ni Marie padà sí, ó sì kú ní 1776.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Berlin fi fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ránṣẹ́, ó ní wọ́n ń pè é ní ti Faransé. Ṣé tàwọn Huguenot ni?

ÌDÁHÙN: Tiwọn ni, ìyá. Ọdún 1701 sí 1705 ni wọ́n kọ́ ọ; ilé ìṣọ́ gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn náà. Louis ò tíì fọwọ́ síwèé tó oṣù kan tí Frederick William, olóyè Brandenburg, ilẹ̀ tí Berlin wà nínú rẹ̀, fi ṣe òfin tirẹ̀ ní Potsdam pé kí wọ́n máa bọ̀. Ó fún wọn ní ilẹ̀, igi ìkọ́lé, ìdáríjì owó orí fún ọdún mélòó kan, àti adájọ́ tó gbọ́ èdè wọn. Ọmọ ìjọ Calvin lòun náà, àánú wọn sì ṣe é, àmọ́ ogun ọgbọ̀n ọdún ti sọ ilẹ̀ rẹ̀ dahoro, èèyàn ló ń wá. Nǹkan bí 20,000 lọ bá a. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1700, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ẹnì kan nínú márùn-ún ní Berlin jẹ́ ará Faransé.

Fọ́tò ọmọ yín rán mi létí ilé kan ní London. Ní 1987, kí n tó parí ẹ̀kọ́ mi, ọ́fíìsì kan ni mo máa ń gbálẹ̀ rẹ̀ lówùúrọ̀ kùtù, Fournier Street ní Spitalfields ni mo sì ń gbà kọjá. Àwọn Huguenot tó ń hun aṣọ ṣẹ́dà ló kún àdúgbò yẹn nígbà kan. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí igun òpópónà náà ní 1743. Àwọn ọmọlẹ́yìn Wesley lò ó lẹ́yìn wọn, ó di sínágọ́gù àwọn Júù, ó sì ti di mọ́ṣáláṣí láti 1976. Lára ògiri rẹ̀ lókè, aago olóòrùn kan wà tí wọ́n kọ ọdún 1743 sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Látìn tó ní òjìji ni wá. Èdè Faransé ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ogúnléndé, àwọn Huguenot yìí ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi pè. Mo máa ń dúró wo aago yẹn títí màá fi pẹ́ dé ibiṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ̀ ń ké lé wọn lórí o. Ṣé kì í ṣe àwọn Huguenot yìí kan náà ló lọ ra èèyàn dúdú lẹ́rú ní Gúúsù Áfíríkà àti Amẹ́ríkà?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Láti 1688, ilé iṣẹ́ òwò àwọn ará Họ́láńdì kó èèyàn bíi 200 lára wọn lọ sí Cape. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ ní ẹkùn Drakenstein àti ibi tó wá di Franschhoek. Àwọn Khoikhoi, onílẹ̀ ibẹ̀, ló ń da ẹran níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Wọ́n gbin àjàrà, ẹrú tí wọ́n kó láti Madagascar àti ilẹ̀ Éṣíà sì wà lára àwọn tó ń roko rẹ̀. Orúkọ wọn ṣì kún ibẹ̀: du Toit, de Villiers, Joubert, Marais. Ní South Carolina, Henry Laurens, ọmọ ìdílé Huguenot, wà lára àwọn tó lówó jù nídìí òwò ẹrú ní Charleston. Bí mo bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn yìí, ibi tí kíláàsì máa ń dákẹ́ nìyí. Ẹni tí wọ́n so mọ́ àjẹ̀ lánàá, ọmọ rẹ̀ ló ń so ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ lónìí, orúkọ Ọlọ́run kan náà ló sì wà lẹ́nu wọn. N kò rí àwíjàre kankan fún un.

Àmọ́ ìdílé Huguenot kan náà ló bí Antoine Bénézet. Saint-Quentin ni wọ́n bí i sí ní 1713, ó ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e sá. Wọ́n gba Ìlú Ọba dé Philadelphia, níbi tó ti di olùkọ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ilé rẹ̀ lálẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń tẹ ìwé lé ìwé jáde láti bu ẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú. Thomas Clarkson, tó bá òwò náà jà ní Ìlú Ọba, sọ pé ìwé Bénézet ló la òun lójú.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ọba kábàámọ̀? Ṣé wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn padà?

ÌDÁHÙN: Louis kò fi hàn. Àmọ́ ẹni tó mọ odi kíkọ́ jù lábẹ́ rẹ̀, Vauban, kọ̀wé ní 1689 pé kí wọ́n pè wọ́n padà. Ó ka àdánù náà ní ẹyọ ẹyọ: owó tó jáde, iṣẹ́ ọwọ́ tó jáde, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án atukọ̀ tó ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Wọn ò gbọ́. Ní oṣù Kọkànlá 1787 ni Louis Kẹrìndínlógún tó gbà kí àwọn tó kù nílùú lè ṣègbéyàwó kí wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ wọn sílẹ̀ láìgba ọ̀dọ̀ fádà. Ní oṣù Kejìlá 1790, ìjọba tuntun ṣòfin pé ọmọ ìran ẹnikẹ́ni tó sá nítorí ẹ̀sìn lè padà wá gba ẹ̀tọ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé. Òfin yẹn ṣì wà nínú ìwé títí di 1945.

Lẹ́tà mẹ́ta ló kù nílẹ̀ lórí àwọn Camisard, àwọn Huguenot orí òkè Cévennes tó gbé ohun ìjà sí ọba ní 1702. Mo ti rí wọn. Ẹ ní sùúrù fún mi di oṣù tó ń bọ̀.